CLA inú wàrà kì í ṣe CLA inú kápúsù

Bí ẹnìkan bá gbé kápúsù CLA (conjugated linoleic acid, oríṣi ọ̀rá kan) wá bá yín, ní Dùgbẹ̀ tàbí lórí fóònù, tó ní ó ń yọ ọ̀rá ikùn, ó ṣeé ṣe kó fi kún un pé inú ẹran màlúù àti wàrà ló ti wá, kò lè pa ènìyàn lára. Òótọ́ ni pé CLA wà nínú wàrà. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n dì sínú kápúsù kò rí bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn sì kan ẹni tó ní àtọ̀gbẹ àti ìyá ọlọ́mọ gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ wo òróró àgbàdo tàbí ti sóyà. Oríṣi ọ̀rá kan tó ń jẹ́ linoleic acid ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹ̀wọ̀n olójú 18, tí ìdè rẹ̀ jẹ́ onílọ̀ọ́po méjì ní ibi méjì. Bí ọ̀kan nínú ibi méjèèjì bá ṣí kúrò níbi tó wà, tó sún mọ́ ìkejì, ó di CLA. Oríṣi CLA pọ̀, àmọ́ méjì ló ṣe pàtàkì: c9,t11 àti t10,c12. Ẹ jẹ́ ká máa pe èkíní ní ti màlúù, ká pe ìkejì ní t10.

Ṣàkì tí ẹ ń rà ní Bódìjà gan-an ni ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí màlúù bá jẹ koríko, bakitéríà tó ń gbé inú ṣàkì, irú bíi Butyrivibrio fibrisolvens, á sọ linoleic acid inú oúnjẹ rẹ̀ di CLA ti màlúù, á tún sọ ọ́ di vaccenic acid, kó tó wá di stearic acid, ọ̀rá tó máa ń dì. Iṣẹ́ náà kì í sábà parí kí oúnjẹ tó kọjá. Vaccenic acid tó bá bọ́ lọ á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọmú, ẹ́ńsáìmù kan níbẹ̀ á sì sọ ọ́ padà di CLA. Ọ̀nà yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú CLA inú mílíìkì ń gbà débẹ̀. Ara ènìyàn náà ń ṣe é: nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún vaccenic acid tí a bá jẹ ló ń di CLA nínú wa.

Ìdí nìyí tí CLA kò fi tó nǹkan nínú ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ: wọn kì í jẹ àpọ̀jẹ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ ẹ́, nítorí náà wọ́n ní in. Mílíìkì màlúù tó jẹ koríko tútù nígbà òjò sì máa ń ní in ju ti èyí tó jẹ koríko gbígbẹ lọ. Màlúù tí wọ́n bá fi ọkà bọ́ jù, inú ṣàkì rẹ̀ á kan, t10 á pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá inú mílíìkì rẹ̀ á sì já wálẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Gíráàmù kan ọ̀rá mílíìkì máa ń ní CLA bíi mílígíráàmù 3 sí 6. Lítà mílíìkì kan tó ní ọ̀rá gíráàmù 35 yóò fún yín ní 105 sí 210. Ẹni tó bá fẹ́ rí 3,200 tí wọ́n ń fi kápúsù gbé mì lójúmọ́, ó kéré tán, yóò mu lítà 15! Kò sí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó jẹ CLA tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ẹ bá sì rí “vegetable fat” lára àpò mílíìkì oníyẹ̀fun, ọ̀rá ewéko ni wọ́n fi rọ́pò ti màlúù. Ẹ má retí CLA níbẹ̀.

Òróró safflower tàbí ti sunflower ni wọ́n ń fi kẹ́míkà sè kó tó di ti kápúsù. Ohun tó sábà ń jáde ni ìdajì ti màlúù, ìdajì t10. Kápúsù 1,000 mg tí wọ́n kọ 80% sí lára, 800 mg ni CLA rẹ̀, nǹkan bí 400 sì jẹ́ t10. Mẹ́rin lójúmọ́ jẹ́ 1,600 mg t10.

T10 ló ń dá sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá dúró kó má baà kó ọ̀rá pamọ́. Lára eku, ó ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀rá tí kò ríbi wọ̀ lọ dì sí ẹ̀dọ̀ wọn. Lára ènìyàn, nígbà tí wọ́n kó àbájáde ìwádìí jọ ní 2007, ọ̀rá tó ń dín kù kò ju nǹkan bí gíráàmù 90 lọ lọ́sẹ̀. Ní 2012, wọ́n kó èyí tó tó oṣù mẹ́fà jọ: ìyàtọ̀ ìwúwo jẹ́ gíráàmù 700 péré. Omi inú ìgò 75cl wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi, owó yẹn sàn ní ọjà ẹ̀fọ́.

Ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 fún àwọn ọkùnrin tí ikùn wọn tóbi ní t10 nìkan, gíráàmù 3.4 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ínsúlínì kò ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn mọ́, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sókè, HDL, kọlẹ́sítéróòlù tó dára, sì wálẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ṣúgà rẹ̀ ti ń sún mọ́ ibẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀ lò ó: wọ́n ti rí i pé ó lè dín ọ̀rá inú omi ọmú kù, bíi ti màlúù tó jẹ ọkà jù. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó jìnnà sí i. Bí ẹ bá ti ń lò ó, tí ojú yín pọ́n bíi ti ibà pọ́njúpọ́njú, tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì gbé ìgò rẹ̀ dání lọ rí dókítà, ní UCH tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló wọ́pọ̀ jù.

Ní ti wàrà, ẹ máa jẹ ẹ́ níwọ̀n, nítorí púrótéènì àti kálísíọ̀mù rẹ̀, kì í ṣe nítorí CLA. Omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí lọ́jà tètè ń bàjẹ́. Ẹ dà á nù, kí ẹ tún wàrà náà sè nínú omi mìíràn kó hó dáadáa kí ẹ tó dín in. Mílíìkì tútù láti ọ̀dọ̀ Fúlàní pẹ̀lú gbọ́dọ̀ hó, nítorí ó lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà brucellosis ranni. Híhó yẹn kò ní ba CLA rẹ̀ jẹ́.