Ìṣeéṣe Tí A Fi Ìdánwò Rí: Bí A Ṣe Ń Fi Ohun Tí A Ti Kà Sọ Ohun Tí A Kò Tíì Kà

Bí a bá ju ìdérí ìgò sókè, ọ̀nà méjì péré ni ó lè gbà balẹ̀ sórí tábìlì: yálà kí ó dojú dé, tàbí kí ó la ẹnu sókè. Ẹni tí ó bá torí pé ọ̀nà méjì ni wọ́n sọ pé ìdajì-ìdajì ni ìpín wọn ti kánjú jù. Ẹ̀yìn ìdérí kò rí bí inú rẹ̀, etí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, kò sì sí ẹni tí ó lè jókòó kí ó fi ìrònú nìkan mọ iye ìgbà tí yóò la ẹnu sókè. Ohun tí ó kù láti ṣe ni pé kí a jù ú, kí a tún un jù, kí a sì máa ka ohun tí a rí. Nọ́ńbà tí irú kíkà bẹ́ẹ̀ bá fún wa ni a ń pè ní ìṣeéṣe tí a fi ìdánwò rí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó mú iye ìgbà tí àbájáde tí a ń wá wáyé, a ó sì fi gbogbo iye ìgbà tí a ṣe ìdánwò pín in. Ká ní a ju ìdérí náà ní ìgbà 50, tí ó sì la ẹnu sókè ní ìgbà 32. 32 ÷ 50 jẹ́ 0.64, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá wá fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí a retí tí a bá ju ìdérí yìí kan náà ní ìgbà 300, a ó sọ 300 di ìlọ́po 0.64, yóò sì fún wa ní 192.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń dúró nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìlérí ni 192 yìí. Ìdánwò 50 kéré, 0.64 tí ó sì fún wa lè fi nǹkan bíi 0.07 jìnnà sí iye tòótọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ka nǹkan kan ṣì. Ìgbà 300 tí a fẹ́ jù ú pàápàá yóò tún ní èèṣì tirẹ̀, ìyẹn ìyàtọ̀ tí ó kàn ń ṣẹlẹ̀ láìsí àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ó bá já sí 170 tàbí 214. Bí a bá fẹ́ kí àlàfo yìí dín kù, àfi kí a fi kún ìdánwò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ wọ́n: kí 0.07 tó lè dín sí ìdajì, ìdánwò 50 gbọ́dọ̀ di 200, kí ó sì tó tún lè dín sí ìdajì ìyẹn, 200 gbọ́dọ̀ di 800. Ìlọ́po mẹ́rin iṣẹ́ ni a ó fi ra ìlọ́po méjì ìdánilójú.

Àwọn nǹkan kan wà tí a lè fi ìrònú mọ ìpín wọn kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ojú mẹ́fà ni dáìsì ní, bí wọ́n bá sì dọ́gba lóòótọ́, ìpín kan nínú mẹ́fà ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí èyí sì túmọ̀ sí pé 5 tàbí 6 yóò wáyé ní ìdá kan nínú mẹ́ta. “Bí wọ́n bá dọ́gba” yìí ni kókó ọ̀rọ̀, ìdánwò nìkan ni ó sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. W. F. R. Weldon, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ èsì irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ní ọdún 1894: òun àti àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ da dáìsì 12 pọ̀, wọ́n sì jù wọ́n ní ìgbà 26,306, tí àpapọ̀ dáìsì tí wọ́n kà fi jẹ́ 315,672. Ìrònú sọ pé 105,224 nínú wọn ni ó yẹ kí ó fi 5 tàbí 6 hàn. 106,602 ni wọ́n rí. Ìyàtọ̀ náà kéré lójú, nítorí 0.3377 ni dípò 0.3333, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò tí ó pọ̀ tó báyìí, ó ju ìlọ́po márùn-ún ìyàtọ̀ tí èèṣì lásán sábà máa ń mú wá. Àlàyé tí a sábà máa ń ṣe ni pé ihò tí wọ́n gbẹ́ sí ojú dáìsì láti fi ṣe àmì ni ó mú kí ojú tí àmì rẹ̀ pọ̀ fúyẹ́ díẹ̀ ju ojú tí ó dojú kọ ọ́. Ohun tó wù kí ó fà á, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ kì bá tí fi í hàn láéláé.

Báwo wá ni ìdánwò ṣe máa ń sún mọ́ òótọ́ bí ó bá ń pọ̀ sí i? Nígbà tí Jámánì gba Denmark ní ọdún 1940, John Kerrich, onímọ̀ ìṣirò láti Gúúsù Áfíríkà, wà níbẹ̀, wọ́n sì há a mọ́ àgọ́ kan. Nínú àgọ́ náà ni ó ti ju owó onírin ní ìgbà 10,000, tí ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nínú 10 àkọ́kọ́, ojú tí àwòrán orí wà hàn ní ìgbà 4. Nínú 100, ó jẹ́ 44. Nínú 1,000, ó jẹ́ 502. Nígbà tí ó fi pé 10,000, ó ti di 5,067.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí, nítorí wọ́n sọ ohun méjì tí ó dà bí ẹni pé wọ́n takora. Bí a bá fi ìdá ọgọ́rùn-ún wò wọ́n, 40 di 44, ó di 50.2, ó sì di 50.67: ó ń sún mọ́ 50, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í rìn tààrà, nítorí pé ti 1,000 sún mọ́ ọn ju ti 10,000 lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ka iye tí ó fi yàtọ̀ sí ìdajì gan-an, ẹyọ 6 ni nígbà tí ó ju 100, ẹyọ 67 sì ni nígbà tí ó ju 10,000. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ sí i. Ohun tí a fi ń pín in ni ó yára dàgbà jù ú lọ. Jacob Bernoulli, onímọ̀ ìṣirò ará ìlú Basel ní Switzerland, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, pé ìdá tí a rí ń sún mọ́ iye tòótọ́ bí ìdánwò bá ṣe ń pọ̀ sí i, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1713, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí ni a sì mọ̀ lónìí sí òfin nọ́ńbà ńlá.

Ẹni tí kò bá mú èyí dání ni yóò rò pé èèṣì máa ń san gbèsè. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1913, nínú ilé tẹ́tẹ́ ní Monte Carlo, bọ́ọ̀lù rùlẹ́ẹ̀tì, ìyẹn tẹ́tẹ́ tí bọ́ọ̀lù kékeré ti ń bọ́ sínú ihò dúdú tàbí pupa lórí àgbá tí ń yí, bọ́ sójú dúdú ní ìgbà 26 léraléra, bí ó sì ti ń bọ́ síbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń da owó lé pupa, wọ́n ní ó ti kan pupa, owó ńlá ni wọ́n sì pàdánù. Ihò 18 nínú 37 ni dúdú, iye yẹn kò sì yí padà láàárín ìgbà kìn-ín-ní àti ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Kò sí ohun tí ń dá ìyàtọ̀ àtẹ̀yìnwá padà; ọ̀pọ̀ ìgbà tí ó ń bọ̀ níwájú ni ó kàn ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ìṣeéṣe tí a fi ìdánwò rí fi dára fún sísọ nípa ogunlọ́gọ̀ ìgbà, tí kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ẹyọ kan tí ó kàn.

Nǹkan méjì ni ó gbọ́dọ̀ dúró kí àsọtẹ́lẹ̀ tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀: kí ohun tí a ń dán wò má ṣe yí padà, kí àbájáde kan má sì ṣe darí òmíràn. Ká ní ilé iṣẹ́ kan yẹ gílóòbù 400 wò, tí 8 nínú wọn kò tàn, 0.02 nìyẹn, nínú 5,000 a ó sì retí nǹkan bí 100 tí kò ní tàn. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú gbogbo páálí ni wọ́n ti ṣa 400 náà láìmọ̀ọ́mọ̀ yàn, ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣe láàárọ̀ nìkan ni wọ́n kó, tí ẹ̀rọ náà sì gbóná lọ́sàn-án, nípa gílóòbù àárọ̀ ni 0.02 ń sọ, iye ìdánwò kò sì lè tún ìyẹn ṣe, ìbáà jẹ́ 400 ni, ìbáà jẹ́ 40,000.

Òdo ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ jù. Ká ní 100 gílóòbù ni a yẹ̀ wò, tí gbogbo wọn tàn. 0 ÷ 100 jẹ́ 0, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó tìtorí rẹ̀ sọ pé kò sí èyí tí kò ní tàn láé. Bí ó bá jẹ́ pé 3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kì í tàn lóòótọ́, ẹni tí ó bá yẹ 100 wò ṣì lè ṣàì rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò ni pé kí a fi iye ìdánwò pín 3, kí a sì gbà pé ìṣeéṣe tòótọ́ lè ga tó bẹ́ẹ̀: 3 ÷ 100 fún wa ní 0.03. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye tí kì í tàn kò ju ẹyọ kan lọ nínú 1,000 yóò ní láti yẹ nǹkan bí 3,000 wò, kí gbogbo wọn sì tàn.