Yíyan ẹ́ńjìnnì àti wáyà ìṣáná fún rọ́kẹ́ẹ̀tì àfiṣeré ní Èkó

Rọ́kẹ́ẹ̀tì àfiṣeré ni rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n fi páálí, igi fúyẹ́ àti ike ṣe, tí ẹ̀tù inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbé lọ sókè, tí páráṣúùtù sì ń gbé padà wálẹ̀. "Motor" ni àwọn olóyìnbó ń pe ẹ́ńjìnnì náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ni mọ́tò lẹ́nu ará Èkó, nítorí náà ẹ́ńjìnnì ni a ó máa pè é níbí. Wáyà ìṣáná ni wáyà tín-ín-rín tí iná bátìrì ń gbà kọjá láti ṣáná sí ẹ̀tù náà. Ní ìlú tí ilé ti fún mọ́ ilé bí Èkó, ìwọ̀n pápá ló yẹ kó kọ́kọ́ pinnu ẹ́ńjìnnì tí èèyàn máa yàn, kí a tó sọ̀rọ̀ gíga tó ń wù ú.

Ilé iṣẹ́ ló ń rọ ẹ́ńjìnnì. A kì í rọ ọ́ nílé. Ìdí tí eré yìí fi wà gan-an nìyẹn. Ní ọdún 1954, Orville Carlisle, tó ń gbé ní Nebraska ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré tí a lè pààrọ̀ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó fi ránṣẹ́ sí G. Harry Stine, ẹni tó ti ń kọ̀wé nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń fara pa nídìí rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń po ẹ̀tù rẹ̀ fúnra wọn.

Àmì bíi A8-3 tàbí C6-5 máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà ń sọ àpapọ̀ agbára rẹ̀, tí wọ́n ń fi níútọ̀n-sẹ́kọ́ǹdì wọ̀n (níútọ̀n ni òṣùwọ̀n agbára tó ń ti nǹkan): A kì í ju 2.5 lọ, B kì í ju 5, C kì í ju 10, D kì í ju 20. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà ni níútọ̀n tó fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìpíndọ́gba. Èyí tó kẹ́yìn ni ìdádúró, ìyẹn iye ìṣẹ́jú àáyá tó máa kọjá lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá jó tán, kí ẹ̀tù kékeré tó wà lókè tó ti páráṣúùtù jáde. Èyí tó parí sí 0 wà fún ìpele ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì onípele méjì. Kò yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Ìlànà ààbò National Association of Rocketry, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣeré ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹ̀gbẹ́ pápá tó kúrú jù gbọ́dọ̀ tó mítà 30 fún A, 60 fún B, 120 fún C, 150 fún D. Pápá bọ́ọ̀lù tó pé ìwọ̀n gùn tó mítà 105, ó sì fẹ̀ tó 68. Ìyẹn ni pé pápá ilé ẹ̀kọ́ ní Yábàá tàbí Súrùlérè, bó bá tiẹ̀ pé ìwọ̀n, lè gba A dáadáa, ó lè gba B tipátipá, kò sì lè gba C rárá. Ọ̀pọ̀ pápá wa ni kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ní Erékùṣù Èkó, Tafawa Balewa Square, tó jẹ́ pápá ìje ẹṣin nígbà kan, fẹ̀ ju pápá ilé ẹ̀kọ́ lọ, àmọ́ ilé gíga àti títì ló yí i ká. Páráṣúùtù tó bá há sórí wáyà NẸ́PÀ, kí a fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀mí ju rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ. Òwúrọ̀ ló dára jù, kí atẹ́gùn òkun ti ọ̀sán tó dé. Bí atẹ́gùn bá ju kìlómítà 32 ní wákàtí kan lọ, kí wọ́n má ṣe tan nǹkan kan.

Òfin ohun abúgbàù ti ọdún 1964 wà ní Nàìjíríà, àwọn ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí pápákọ̀ Ìkẹjà sì ń kọjá lórí Mainland. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda àwọn aláṣẹ ló yẹ kó ṣáájú owó ẹ́ńjìnnì.

Ní ti ìwúwo, ohun tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ìlọ́po márùn-ún ìwúwo rọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ́ńjìnnì tó ń ti níútọ̀n 6 kò yẹ kó gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 120 lọ, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ àti ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún wà níbẹ̀. Èyí tó bá wúwo jù ń rọra kúrò lórí ọ̀pá irin tó ń gùn, atẹ́gùn á sì yí orí rẹ̀ sí ibòmíràn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wúwo ń fẹ́ ìdádúró kúkúrú bíi 3; èyí tó fúyẹ́ lè gba 5 tàbí 7. Bí ìdádúró bá gùn jù, rọ́kẹ́ẹ̀tì á ti dorí kodò kí páráṣúùtù tó jáde. Bó bá kúrú jù, eré tó ṣì ń sá lè fa páráṣúùtù ya. Níbi tí pápá ti há, wọ́n lè dá ihò sí àárín páráṣúùtù kí ó má baà fò jìnnà.

Ooru tún ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge, tó gbóná tó sì tún tutù lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀tù inú rẹ̀ lè sán tàbí kó ṣí kúrò lára páálí, yóò sì bú dípò kó fò.

Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá kọ̀ tí kò gbéra, wáyà ìṣáná ló sábà máa ń fà á. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kan ẹ̀tù gan-an nínú ihò ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi ìdérí ike kékeré tì í pa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Eyín kílíìpù tó so ó mọ́ bátìrì gbọ́dọ̀ mọ́: atẹ́gùn oníyọ̀ etí òkun máa ń mú irin dípẹtà, kílíìpù tó ń dán lósù tó kọjá lè má gba iná kọjá mọ́ lónìí, kí wọ́n fi bébà ìhọ irin nù ún. Ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣe ẹ̀tù dúdú, tó ń lo kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ammonium perchlorate, le láti ṣáná sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè pátápátá nínú ihò rẹ̀ ni wáyà tirẹ̀ ń wọ̀, bátìrì ọkọ̀ oní-fólítì 12 ló sì dára fún un.

Kọ́kọ́rọ́ ìdènà, èyí tí iná bátìrì kò lè kọjá bí kò bá sí lára ẹ̀rọ tí bọ́tìnnì ìṣáná wà, kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí gbogbo èèyàn tó sún sẹ́yìn, mítà 5 fún ẹ́ńjìnnì tí kò ju D lọ, mítà 9 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tí kò sì ràn, kí wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ náà tàbí bátìrì, kí wọ́n ka ìṣẹ́jú àáyá 60 kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ ọn.