Ilé Àwọn Àgbẹ̀: Bí Cocoa House Ṣe Dé Dùgbẹ̀

Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pe ilé gogoro tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Nígbà tó yá ni Cocoa House gba ẹnu gbogbo èèyàn. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ló wù mí jù, torí òun ló dárúkọ ẹni tó ni owó.

Dùgbẹ̀ ti jẹ́ ojúkò òwò kí ilé náà tó dé. Ọdún 1901 ni rélùwéè wọ Ìbàdàn, ibùdó ọkọ̀ náà kò sì jìnnà síbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bíi UAC àti John Holt wá tẹ̀dó, wọ́n ń ra irè oko, wọ́n sì ń ta ọjà òkè òkun. Nínú gbogbo irè oko yẹn, kòkó ni baba.

Ẹ jẹ́ ká wo owó náà láti ìdí igi. Àgbẹ̀ á já kòkó, á là á, á kó hóró rẹ̀ tó ṣì ń yọ̀ jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́fà, kó lè gbóná, kó sì kan. Ó wá ku sísá. Bí òjò bá ṣú báyìí, tọmọdé tàgbà ló máa sáré jáde lọ ká ẹní. Ìgbà tó bá gbẹ dénú, tí wọ́n bá fọwọ́ rò ó tó ń dún wóró-wóró, ni wọ́n tó dà á sínú àpò ìdọ̀họ.

Láti 1954, Marketing Board ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ń dá iye tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Wọ́n á wá tà á lókè òkun. Bí owó ọ̀hún bá ju èyí tí wọ́n san nílé lọ, ọwọ́ ìjọba ni èlé rẹ̀ ń kù sí. Ibẹ̀ ni owó ilé náà ti wá, pẹ̀lú ti irè oko mìíràn bíi rọ́bà àti gẹdú. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àgbẹ̀ ló kọ́ ọ, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó pè é jókòó bi í.

Wọ́n kọ́ ọ tán ní 1964, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹjọ 1965. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, kò sì sílé tó ga tó o ní Nàìjíríà nígbà náà. Bí èèyàn bá dúró lórí òkè Mápó, tó ń wo òrùlé páànù tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, òun ni ojú máa bá pàdé.

Ọ́fíìsì ló kún inú rẹ̀. Akọ̀wé àti oníṣòwò ló ń wọ̀ ọ́, àgbẹ̀ ń bẹ lóko. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i tí àwọn àgbẹ̀ kan náà dìde nínú ogun Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí owó orí àti iye kékeré tí wọ́n ń rà kòkó wọn. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn máa san ní owó orí.

Nígbà tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta ní 1976, Odu'a Investment, ilé-iṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni, ló gba ilé náà fún gbogbo wọn. Iná jó o ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní 1985. Ó lé lọ́dún méje kí wọ́n tó tún un ṣe tán, kí wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kẹjọ 1992.

Lónìí, ọ́fíìsì ṣì wà níbẹ̀. Nínú ọgbà kan náà, àwọn ọ̀dọ́ ń jó, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ ní Cocodome, àwọn mìíràn ń ra ọjà ní Heritage Mall. Mi ò bínú sí èyí, ilé tí èèyàn ń wọ̀ sàn ju ilé tó ṣófo lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àpò kòkó wá láti ìgbèríko kò ní ohun tó máa yà síbẹ̀ ṣe. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí àwọn tó ni ín kọ Ilé Àwọn Àgbẹ̀ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, kí ọmọ tó bá wá ya fọ́tò níbẹ̀ lè rí i kà.