Varna kọ́ ni jati: ohun tí caste jẹ́ gan-an láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù

Ohun méjì ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu tí wọ́n bá dárúkọ ẹ̀sìn Híńdù: màálù tí wọn kì í jẹ, àti caste. Ti màálù kò le. Caste ló máa ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará Íńdíà. Àwọn Potogí tó wá ṣòwò létíkun wọn ló ní casta, ìyẹn ìran, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi da ohun méjì tí onílé ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún pọ̀: varna àti jati.

Varna ló wà nínú ìwé. Orin kan nínú Rigveda, tó wà lára àwọn ìwé mímọ́ wọn tó pẹ́ jù lọ, sọ pé àwọn òrìṣà fi Purusha rúbọ, èèyàn kan tó tóbi tó gbogbo ayé. Ẹnu rẹ̀ di Brahmin, àwọn àlùfáà àti onímọ̀. Apá rẹ̀ di àwọn ọba àti jagunjagun tí à ń pè ní Kshatriya. Itan rẹ̀ di Vaishya, àwọn àgbẹ̀, darandaran àti oníṣòwò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Shudra ti jáde, àwọn tí yóò máa sin àwọn mẹ́ta yòókù. Mẹ́rin péré, ó sì gún régé. Ibi tó ti gún jù yẹn ló yẹ kéèyàn ti fura, torí kò sí ìlú kan láyé tí èèyàn ibẹ̀ pín sí mẹ́rin geere báyìí.

Jati ló wà nílẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí bíbí ni wọ́n ti yọ ọ́: agbo tí wọ́n bí ọ sí. Kì í ṣe mẹ́rin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni. Jati amọ̀kòkò wà, ti alágbàfọ̀ wà, ti onígbàjámọ̀, ti àwọn tó ń fún epo, ti oníṣẹ́ awọ. Èyí tó wà ní Tamil Nadu ní gúúsù Íńdíà lè má sí ní Punjab ní àríwá rárá, àwọn méjì tó sì jọ ń gbé abúlé kan lè máa jà títí lórí ẹni tó ga ju ẹnì kejì lọ. Ọmọ Yorùbá lè sọ pé, àwa náà kúkú ní irú èyí: ọmọ Àyàn ń lùlù, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, ọmọ Ọ̀jẹ̀ ń gbé eégún. Ó jọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òfin kankan nílẹ̀ wa tó ní kí ọmọ Àyàn má fẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, tàbí tó ní omi tí onílù bá bù ti di àìmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni jati wà.

Ohun mẹ́ta ni jati ń ṣọ́: iṣẹ́, oúnjẹ àti ìgbéyàwó. Ti oúnjẹ yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Ní àríwá Íńdíà, wọ́n gbà pé oúnjẹ tí wọ́n fi omi sè tètè ń gba àìmọ́ ọwọ́ ẹni tó sè é ju èyí tí wọ́n fi bọ́tà yíyọ́ dín lọ. Brahmin lè tipa bẹ́ẹ̀ jẹ dídín lọ́wọ́ ẹni tí kò ní jẹ sísè lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé. Lóde òní, ọmọ amọ̀kòkò lè di dókítà. Ní ìlú ńlá, ta ló ń béèrè jati ẹni tó dín ìpápánu tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ ojúirin? Ti ìgbéyàwó ni okùn rẹ̀ ṣì le jù. Nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday, abẹ́ orúkọ jati ni wọ́n máa ń to ìpolówó àwọn tó ń wá ọkọ tàbí ìyàwó sí, bí ọjà tí wọ́n tò sí ìsọ̀ ìsọ̀.

Àwọn kan wà tí kò tilẹ̀ sí nínú mẹ́rin ti Purusha. Àwọn ló ń bó awọ ẹran tó kú, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́, tí wọ́n ń sun òkú. Dalit ni wọ́n ń pe ara wọn, ẹni tí wọ́n tẹ̀ fọ́. Nínú ìkànìyàn 2011, àwọn tí ìjọba Íńdíà kọ sórí àkójọ àwọn agbo yìí lé ní mílíọ̀nù 200. Ọ̀kan nínú wọn ni B. R. Ambedkar, tí wọ́n bí ní 1891. Nílé-ìwé, orí àpò tó gbé wá látilé ló ń jókòó lé. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń mu omi. Ìránṣẹ́ ilé-ìwé ló ń da omi sí i lẹ́nu látòkè, lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ kò bá sì sí, kò sómi. Ọmọ yìí ló gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní New York, tó kó èrò lọ mu omi adágún gbogboogbò tí wọ́n fi du àwọn Dalit ní Mahad lọ́dún 1927, tó sì wá di alága ìgbìmọ̀ tó kọ ìwé òfin Íńdíà. Abala 17 ìwé òfin náà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1950, fòpin sí kíka èèyàn sí ẹni tí a kì í fọwọ́ kàn. Kò fòpin sí jati fúnra rẹ̀ o.

Báwo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́ tó báyìí? Ipá wà níbẹ̀, ilẹ̀ àti owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan tún ń tì í lẹ́yìn. Karma ni orúkọ rẹ̀: ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yóò bá a dé ayé tó tún máa wá. Bí wọ́n bá bí ẹ sílé oníṣẹ́ awọ, àwọn kan á ní àṣelẹ̀ rẹ ni. Ṣe dharma rẹ dáadáa, ìyẹn ojúṣe tó tọ́ sí ẹni bíi tìrẹ, bóyá ìwọ náà á sàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fi wé tiwa. Yorùbá gbà pé òkú ń padà, Babátúndé àti Yétúndé ń bẹ láàárín wa, a sì ń gbàdúrà pé kí àgbà tó lọ yà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ilé ara rẹ̀ ló ń bọ̀, ayọ̀ sì ni. Fún Híńdù, èèyàn lè lọ yà nílé àjèjì, ó lè wá bí ẹranko, àtúnwá náà gan-an ló sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Moksha ni wọ́n ń pe ìdáǹdè yẹn. Bákan náà, tí ayé bá le mọ́ ọmọ Yorùbá, a lè ní orí tó yàn kò dára, a kì í ní ẹ̀ṣẹ̀ ayé tó ti wá rí ló ń jẹ. Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí gbà pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo là ń wáyé, ìdájọ́ sì ń bẹ níwájú. Ibi tí wọ́n bíni sí kì í ṣe ìdájọ́.

Kì í ṣe pé gbogbo Híńdù gba ti jati o. Ravidas, akéwì tí wọ́n bí sí agbo oníṣẹ́ awọ, kọrin tako o, wọ́n sì ń kọrin rẹ̀ dòní. Àwọn mìíràn á tọ́ka sí Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ wọn kan, pé ìwà àti ìṣe ni òrìṣà Krishna fi pín varna. Búdà, tí ẹ̀sìn Búdà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, gba karma ṣùgbọ́n ó ní ìbí kọ́ ló ń sọni di Brahmin. Àwọn Sikh, ẹlẹ́sìn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní Punjab, ní langar, níbi tí olówó àti tálákà ti ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ oúnjẹ kan náà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ sísè àti dídín, ẹ ó mọ bí ìyẹn ti lágbára tó.

Ṣùgbọ́n ìyípadà ẹ̀sìn kì í sábà fọ jati dànù. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ pé kò sí Júù tàbí Gíríìkì, ẹrú tàbí òmìnira, síbẹ̀ àwọn ibì kan wà ní Tamil Nadu tí ibojì Kìrìsìtẹ́nì tó jẹ́ Dalit wà lọ́tọ̀. Mùsùlùmí Íńdíà ń tò sórí ìlà kan ní mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti ìyàwó, Ashraf, àwọn tó ní ọmọ Lárúbáwá, Páṣíà tàbí Tọ́ọ̀kì làwọn, á ya ara wọn sọ́tọ̀. Ambedkar fúnra rẹ̀ di ẹlẹ́sìn Búdà ní Nagpur ní October 1956 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, kò sì lo oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tó fi kú. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Ìlà Oòrùn Nàìjíríà ṣòfin tó fòpin sí Osu láàárín àwọn Igbo. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbéyàwó níbẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Àwọn ará Íńdíà tó ṣí lọ sókè òkun náà gbé e dání. Ní 2023, Seattle di ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ nítorí caste. Oyìnbó kò lè fojú mọ jati ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìdílé ni àwọn ará Íńdíà fi ń mọra wọn, bí àwa náà ṣe ń gbọ́ Àyándélé tí a ti mọ ilé tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn Sikh fi ń jẹ́ Singh fún ọkùnrin àti Kaur fún obìnrin, tí ọ̀pọ̀ ará Íńdíà mìíràn sì ń fi orúkọ ìdílé wọn sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ́ Kumar lásán, kí ẹni tó ń béèrè má bàa rí nǹkan dì mú.