Ìgbádùn Ni À Ń Torí Rẹ̀ Ya Pápá Gọ́ọ̀fù

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ní Ìkòyí tàbí Ìkẹjà bá fẹ́ náwó tún pápá wọn ṣe, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde: ṣé kí pápá gbádùn mọ́ni ló ṣe pàtàkì jù ni, àbí kí iṣẹ́ ẹni tó yà á gbayì lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n? Iṣẹ́ mi ni yíya pápá àti títún un ṣe, láìfepo bọyọ̀, ìgbádùn ni. Àmọ́ ìgbádùn ọjọ́ kan kọ́ ni mò ń sọ.

Ní 1921, Bobby Jones, agbá-gọ́ọ̀fù ọmọ Amẹ́ríkà, lọ díje ní Old Course, pápá gọ́ọ̀fù tó wà ní St Andrews, ní Scotland. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sí bọ́ńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn, ní ihò kọkànlá, kò rí i gbé jáde bọ̀rọ̀, ló bá fìbínú fi ìdíje sílẹ̀. Ní 1927 ó padà wá gba ife ìdíje Open níbẹ̀, ó sì wá fẹ́ràn pápá náà gan-an. Ó ti wá mọ ọ̀nà inú rẹ̀.

Ẹ wo ihò kẹtàdínlógún níbẹ̀. Gíríìnì rẹ̀, ìyẹn ibi tí koríko ti kúrú yí ihò ká, tín-ín-rín, ó sì dábùú. Bọ́ńkà jíjìn kan wọnú rẹ̀ láti iwájú lápá òsì, títì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó lágbára, tó sì láyà, yóò gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba orí igun hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́tùn-ún. Bó bá yege, ó ti wà níbi tí yóò ti rí gíríìnì dáadáa. Ẹni tí kò lágbára yóò gba òsì, níbi tí ààyè wà, ṣùgbọ́n bọ́ńkà yẹn ni yóò dí i lọ́nà. Kò burú. Yóò gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí iwájú gíríìnì lápá ọ̀tún, yóò wá yí i lọ sí ìdí àsíá. Ó lè gbá a ní ẹ̀ẹ̀kan ju alágbára lọ, àmọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò sọnù, òun náà sì ti ronú kó tó gbá a. Bí ayò ni: ìdí ọpọ́n kan náà ni ọ̀ta àti òpè jọ ń jókòó sí. Iṣẹ́ ayàpápá gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìgbádùn ti ń wá.

Kì í ṣe iye bọ́ńkà rárá. Old Course ní èyí tó lé ní 100. Augusta National, pápá kan ní Amẹ́ríkà tí ayàpápá Alister MacKenzie bá Jones yà, tí wọ́n ṣí ní 1933, 22 péré ló fi bẹ̀rẹ̀. Méjèèjì ló lórúkọ káàkiri ayé.

Ọ̀rọ̀ tiwa l'Ékòó tún yàtọ̀. Iyanrìn etí òkun ni ilẹ̀ St Andrews, omi kì í dúró lórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ń sáré. Ilẹ̀ tiwa tẹ́jú, ó rẹlẹ̀, pàápàá ní Erékùṣù, níbi tí wọn kì í gbẹ́lẹ̀ jìn kí wọ́n tó kan omi. Nínú oṣù kẹfà, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó yí lọ á rì sínú ẹrẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Ọ̀nà méjì tí mo fara balẹ̀ yà á wá di ẹyọ kan: alágbára á gbé tiẹ̀ gba òkè, àwọn tó kù á máa rá pálá bọ̀ lẹ́yìn. Eré ti bàjẹ́, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ rẹwà tó lórí ìwé. Ìdí tí mo fi ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ nìyẹn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ri páìpù oníhò sábẹ́ ilẹ̀, kí wọ́n kó òkúta wẹẹrẹ yí i ká, kí omi rí ọ̀nà lọ, kí wọ́n tó dárúkọ adágún tuntun fún mi. Owó páìpù kì í yá ẹnikẹ́ni lórí, torí kò ṣe é yà ní fọ́tò. Ó dùn mí gan-an.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí pápá yín ṣe rí, ẹ má bi ẹni tó ń gba ife níbẹ̀. Àwọn kádì, ìyẹn àwọn tó ń bá agbá-gọ́ọ̀fù gbé àpò igi rẹ̀, ni kí ẹ bi. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń wá bọ́ọ̀lù nínú igbó láàárọ̀ àti lálẹ́, ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gé fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn la lè wá sọ̀rọ̀ bọ́ńkà.