Táyéwò Aláìsàn: Bí Ìbejì Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Dé ICU

Ìbejì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú Oǹdó. Àwọn àgbà wa sọ pé ìbejì ni wọ́n bí Púpùpú, láyé tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀. Wọ́n lé ìyá àtọmọ kúrò nílé, ìrìn yẹn ló já sí Oǹdó, Púpùpú sì jẹ Òṣemàwé àkọ́kọ́. Ìbejì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò lẹ́ran ara. Orí kọ̀ǹpútà ló ń gbé. Àwòkọ ara aláìsàn kan ṣoṣo ni, èsì àyẹ̀wò aláìsàn náà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ, kí dókítà lè dán ìwọ̀n oògùn wò lára rẹ̀ kó tó kan ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Digital twin ni wọ́n ń pè é. Táyéwò lèmi ń pè é, torí Kẹ́hìndé ló rán an níṣẹ́: kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ICU fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ le gan-an. Lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń pa àwọn ọmọdé ní Copenhagen, lórílẹ̀-èdè Denmark, torí ó ń gba agbára mímí lọ́wọ́ wọn. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n lu ihò sọ́fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan, ó wá ń fọwọ́ tẹ àpò rọ́bà kí atẹ́gùn lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ náà yè. Nǹkan bí 1,500 akẹ́kọ̀ọ́ ló gba àpò náà lọ́wọ́ ara wọn, tọ̀sán-tòru, fún àwọn aláìsàn yòókù. Ibẹ̀ ni ICU ti ṣẹ̀, ní ìparí ọdún 1953. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ dán wò nígbà yẹn, ara aláìsàn náà ni wọ́n ti ń dán an wò.

Inú òfurufú ni ọgbọ́n kejì ti wá. Ní April 1970, táǹkì ọ́síjìn Apollo 13, ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá, bú gbàmù ní nǹkan bí 320,000 kìlómítà sí ilé. Àwòkọ ọkọ̀ náà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ NASA, àjọ tó ń rán ọkọ̀ lọ sí òfurufú ní Amẹ́ríkà. Wọ́n sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara bíi ti òkè, wọ́n dán ìgbésẹ̀ wò lára rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ fún àwọn mẹ́ta tó wà lókè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì délé láàyè. Nígbà tó yá, Michael Grieves ló ṣàlàyé èrò irú àwòkọ bẹ́ẹ̀ tó ń gbé orí kọ̀ǹpútà, ní Michigan lọ́dún 2002. John Vickers ti NASA ló sọ ọ́ ní digital twin.

Àwọn oníṣègùn náà ò jókòó. Lọ́dún 1972, Arthur Guyton, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti bà lápá jẹ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mississippi kó bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara po sínú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ara gbogboogbò ni. Kì í ṣe ìbejì ẹnikẹ́ni.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn wá pé ara ò dọ́gba. Ẹni tó bá wà ní ICU, ṣúgà rẹ̀ sábà máa ń ròkè, bí kò tiẹ̀ ní ìtọ̀ ṣúgà rí. Lọ́dún 2001, Greet Van den Berghe ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ̀mù, pín aláìsàn 1,548 sí ọ̀nà méjì, ó fi insulin, oògùn tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, fa ṣúgà apá kan wálẹ̀ gan-an, ikú ICU sì já láti 8.0 sí 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ayé tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2009, ìwádìí NICE-SUGAR lórí èèyàn 6,104 sọ òdìkejì: àwọn tí wọ́n fa ṣúgà wọn wálẹ̀ gan-an ló kú jù, 27.5 sí 24.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ìwọ̀n insulin tó gba ẹnì kan là lè gbé ṣúgà ẹlòmíì ṣubú, ó sì lè yí padà lára ẹnì kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Lójú tèmi, ibí yìí ni wọ́n ti bí ìbejì ICU ní tòótọ́. Ní Christchurch, ní New Zealand, Geoff Chase, tó jẹ́ ẹnjiníà, àti àwọn dókítà ibẹ̀ ti ń fi aláìsàn orí kọ̀ǹpútà dán insulin wò. Lọ́dún 2005, páálí róbótó tí nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ yí láti rí ìwọ̀n insulin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní STAR dé. Nọ́ọ̀sì á wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀, á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ wọlé; ìbejì á ṣírò bí ara yẹn ṣe ń gba insulin ní wákàtí yẹn gan-an, á sì yan ìwọ̀n tí ewu pé ṣúgà á já sísàlẹ̀ 4.4 mmol/L kò fi ní ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nọ́ọ̀sì ló máa yàn bóyá wákàtí kan, méjì tàbí mẹ́ta lòun máa padà wá. Lọ́dún 2020, àwọn ará Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde fún wákàtí 24 àkọ́kọ́ tí àkóràn bá ti gba gbogbo ara.

Nígbà tí àbúrò bàbá mi wà ní ICU kan ní Àkúrẹ́, mo ń rí nọ́ọ̀sì kan tó ń dúró sídìí ìwé fẹ̀ǹfẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní wákàtí wákàtí: ìfúnpá, èémí, ṣúgà, ìtọ̀. Báírò dúdú lọ́sàn-án, pupa lóru. Mo bi wọ́n pé, "Aǹtí nọ́ọ̀sì, kí lẹ ń kọ tó pọ̀ tó báyìí?" Wọ́n ní, "Ohun tí ara Dádì ń sọ ni."

Oúnjẹ tí irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ń jẹ nìyẹn. Ara àwọn èèyàn Christchurch ni wọ́n fi kọ́ tiwọn. Tiwa wà nínú irú ìwé yẹn. UNIMED tó ń kọ́ dókítà wà ní Oǹdó, FUTA tó ń kọ́ ẹnjiníà wà ní Àkúrẹ́, ọ̀nà kan ló já àwọn méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí àbúrò bàbá mi ń lọ sílé, wọ́n ká ìwé ọjọ́ mẹ́sàn-án náà sí mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ fáìlì, fáìlì sì lọ sórí pẹpẹ.