Ibi Tí Oògùn Inú Áńbúláǹsì Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ èèyàn pé níbo ni iṣẹ́ paramedic ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó láṣẹ láti fún aláìsàn lóògùn lójú ọ̀nà, Los Angeles ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn mìíràn á ní Seattle ni. Èmi ò gbà. Pittsburgh ni, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ní àdúgbò Hill District, lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí áńbúláǹsì tó ní oògùn nínú, ìtàn ti pẹ́. Larrey, dókítà ọmọ ogun Faransé, ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sáré gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun kí ọ̀rúndún kejìdínlógún tó parí. Mo rò pé wọn ò ní gbé wọn láìfún wọn ní nǹkan kan. Ta ni yóò gbé ẹni tí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ gba ọ̀nà gbágungbàgun láìfún un ní ọtí líle, ó kéré tán? Ohun tó mú mi rò bẹ́ẹ̀ ni pé nígbà tí ilé ìwòsàn Bellevue ní New York bẹ̀rẹ̀ áńbúláǹsì tirẹ̀ ní 1869, lábẹ́ Edward Dalton tó ti ṣe dókítà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, bíráńdì wà nínú àpótí ọkọ̀ náà. Àwọn ohun tó kù ni okùn méjì tí wọ́n fi ń de apá tàbí ẹsẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, báńdéèjì, kànìnkànìn kéékèèké, igi tí wọ́n fi ń di egungun, àjákù bùláńkẹ́ẹ̀tì, àti ìgò kékeré oògùn onírin kan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Lójú tèmi, àpótí yẹn ni baba ńlá gbogbo àpótí oògùn tí paramedic ń gbé lónìí.

Ogun Àgbáyé Kejì ló wá kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ oògùn lò. Morphine, oògùn líle tó ń pa ìrora, wà nínú túùbù kékeré tó ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí ọmọ ogun tó ń tọ́jú ọgbẹ́ bá ti gún ẹnì kan tán, yóò fi túùbù tó ti ṣófo kọ́ ọrùn aṣọ ẹni náà, kí ẹlòmíràn tó bá kàn án má bàa tún un gún. Àkọsílẹ̀ oògùn gan-an nìyẹn, láìsí ìwé láìsí gègé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Pittsburgh. Ní nǹkan bí 1966, mọ́tò ọlọ́pàá ló ń gbé aláìsàn níbẹ̀. Láwọn ìlú Amẹ́ríkà mìíràn, ọkọ̀ àwọn tó ń sìnkú ni, tí ọkọ̀ kan náà á gbé aláìsàn láàárọ̀ tí yóò sì gbé òkú lálẹ́. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn, David Lawrence, gómìnà Pennsylvania tẹ́lẹ̀, ṣubú níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ìṣèlú. Àwọn dókítà mú ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù padà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ti kú. Peter Safar, ọmọ Vienna, dókítà tó ń fún èèyàn lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ikọ́ fée pa ọmọ Safar obìnrin.

Ní 1967, pẹ̀lú ikú wọ̀nyí lọ́kàn, Safar àti Phil Hallen, tó ti wa áńbúláǹsì rí, pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Freedom House, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń wáṣẹ́ fún ará àdúgbò. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin jọ, àwọn kan nínú wọn ò parí girama. Wákàtí 300 ni wọ́n fi kọ́ wọn nípa ẹ̀yà ara, èémí àti ọkàn. Ní 1968 wọ́n gbé áńbúláǹsì bọ́ sójú pópó. Nígbà tí Nancy Caroline di dókítà àgbà wọn ní 1974, ẹ̀kọ́ oògùn jinlẹ̀ sí i, títí kan naloxone tó ń jí ẹni tí heroin, oògùn olóró, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Lára wọn ni ìjọba àpapọ̀ ti dán ìlànà ẹ̀kọ́ paramedic gbogbo Amẹ́ríkà wò, Caroline ló sì kọ ọ́.

Àwọn kan á ní Belfast ní Northern Ireland ṣáájú, ní 1966. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n dókítà àti nọ́ọ̀sì ni Pantridge, dókítà ọkàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kó sínú ọkọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ California tó fún àwọn paramedic Los Angeles láṣẹ jáde ní 1970, Seattle náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ Hill District sì ti wà lójú pópó ṣáájú. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ló gbé àwọn panápaná tó ń ṣe paramedic ní Los Angeles ga láti 1972.

Lóṣù Kẹwàá 1975, ìjọba ìlú Pittsburgh gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Freedom House, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ni wọ́n tì sẹ́yìn tàbí tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gùn. Oògùn pọ̀ sí i nínú àpótí. Ní 2016, Amẹ́ríkà yọ 1:1,000 àti 1:10,000, tí wọ́n fi ń sọ bí oògùn ṣe le tó, kúrò lára ìgò adrenaline, oògùn tó ń ta ọkàn jí, wọ́n sọ ọ́ di mílígíráàmù nínú mílílítà, nítorí ẹni tó ṣi ìgò mú lè fún aláìsàn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ní 2018, Britain gbà kí paramedic tó bá kàwé kún un máa kọ oògùn fúnra rẹ̀. Ní 2023, Amẹ́ríkà gbà kí naloxone tí wọ́n ń fín símú wà lórí àtẹ láìsí ìwé dókítà. Orúkọ Caroline ṣì wà níwájú èèpo ìwé ẹ̀kọ́ tó kọ, ó sì tọ́ sí i. Ó yẹ kí orúkọ Freedom House wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.